Ẹ̀yìn Ìyàwó Mi

Ọ̀lẹ ni mo kọ́kọ́ pè é. Mi ò sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti bá èèyàn gbé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò nílò kí wọ́n sọ̀rọ̀ kó tó gbọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ilé ẹjọ́ wà ní ìsinmi, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, mò ń ka ìwé ìròyìn, nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi lórí àtẹ̀gùn. Á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró. Á tún gbé ẹsẹ̀ kan, á tún dúró. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni, bẹ́ẹ̀ òun kì í kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Òkè Àrin títí ọjà á fi tú. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, mo rí i pé ó tẹ̀ sí ọ̀tún bí ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti rì lápá kan.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Páálí mílíìkì ni. Mo gbé e nílẹ̀, mo yí pẹ̀lú ẹ̀ láti gbé e fún oníbàárà, nǹkan kan sì dún kà ní ìbàdí mi. Látìgbà yẹn, mi ò lè nàró."

"Àwọn alábàárù ńkọ́?"

"Wọ́n lọ jẹun."

"Ìwọ náà ò lè dúró kí wọ́n jẹun tán? Lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ó máa lọ."

Mo padà sínú ìwé ìròyìn mi.

Ilé bàbá mi là ń gbé, lẹ́yìn Igbóṣeré. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi wà lára àwọn Agùdà tó ti Bùràsíìlì padà wálé. Káfíńtà ni, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àtẹ̀gùn ilé náà, gbogbo ìdílé wa ló sì ń fi í yangàn. Àtẹ̀gùn náà ga, ó dúró gbọnrangandan bí àkàbà. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìyàwó mi wọ ilé yẹn ló ti ń gbé omi gùn ún, garawa kan lórí, kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́, nítorí omi ẹ̀rọ kò gun òkè rí. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo gba garawa náà lórí rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ oníṣòwò láti ìran dé ìran. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò fẹ́ kó fẹ́ ọmọ Agùdà tó ń lọ sí Mísà. Àwọn èèyàn tèmi náà kò fẹ́ ẹ. A fẹ́ra wa bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló bí fún mi, wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti fọ́n káàkiri. Èmi, akọ̀wé ni mí ní ilé ẹjọ́ Igbóṣeré. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, kí n sì rí i pé ó dé iwájú adájọ́ lásìkò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àsìkò yẹn sọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Òun ló kọ́kọ́ dárúkọ àìsàn náà.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," ó ní. "Ìyàwó, ṣúgà tí o fi ń mu gàrí ló ń bá ẹ jà."

Ní ilé wa, kò sí ẹ̀yìn ríro tí kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ó gbé ìgò agbo kan wá, ó korò débi pé òórùn rẹ̀ nìkan lè mú èèyàn bì. Ìyàwó mi mu ún fún ọ̀sẹ̀ kan. Inú rẹ̀ ṣí, ó ń sáré lọ sílé ìgbẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀yìn kò tilẹ̀ gbọ́ pé wọ́n mu nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́mísìtì tó wà ní ìkángun òpópónà wa gún un ní abẹ́rẹ́. Èyí ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti padà sí ọjà, ó sì tún ti ń gbé páálí. Inú mi dùn, mo ní ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ìrora náà, bí ajá tó ń gbó olè ni. Abẹ́rẹ́ yẹn di ajá lẹ́nu, olè ṣì wà nínú ilé.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ìrora náà padà dé, kò sì dúró ní ìbàdí mọ́. Ó gba ìdí òsì sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn itan, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ní ó ń ta òun bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn. Bó bá sín, á lọgun. Bó bá fẹ́ wọ bàtà, á kọ́kọ́ dúró wo bàtà náà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga.

"Gbogbo wa là ń dàgbà," mo sọ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ, ó dá lọ sí ọsíbítù ìjọba. Òun nìkan ló lọ. Mo wà níbi iṣẹ́.

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, ó ti ń dúró dè mí pẹ̀lú bébà kan lọ́wọ́. Wọ́n ti ya àwòrán èèyàn sí i, èèyàn tó ń tẹ orúnkún wálẹ̀ láti gbé ẹrù, èèyàn tó dùbúlẹ̀ tó ká ẹsẹ̀ sókè. Mi ò rí ojú rẹ̀ kó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti bí oṣù méjì.

"Obìnrin kékeré kan ló tọ́jú mi," ó ní. "Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa fi eré ìdárayá wo ara sàn. Ó ní ọ̀pá ẹ̀yìn mi kò tíì bàjẹ́. Ó ní láàárín eegun kan sí èkejì, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó rọ̀ bíi mọ́ín-mọ́ín tó wà nínú ewé. Bí èèyàn bá ń tẹ̀ síwájú fi ìbàdí gbé ẹrù, tó tún ń yí ara, ewé yẹn á ya lẹ́yìn, mọ́ín-mọ́ín á fẹ́ yọ jáde. Ibi tó yọ sí ni okùn tó ń lọ sí ẹsẹ̀ wà. Ó ń tẹ okùn yẹn ni. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ni àìsàn wà."

"Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ṣe?"

"Rárá o. Ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹ̀ ló ń san láìlo ọ̀bẹ, bí èèyàn bá fún un lásìkò. Kí n má sùn kalẹ̀ bí abirùn, kí n máa rìn. Kí n máa ṣe eré tó wà nínú bébà yìí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí mo bá fẹ́ gbé nǹkan, kí n tẹ orúnkún, kí n gbá ẹrù náà mọ́ra, kí n fi ẹsẹ̀ yí, kí n má fi ìbàdí yí. Èyí tó bá wúwo jù, kí n fi sílẹ̀ fún alábàárù. Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Ó ní kí n sọ ọ́ fún ẹni tí mò ń bá gbé. Bí ibi tí mo fi ń jókòó bá kú, tí mo fọwọ́ kàn án tí mi ò mọ̀ ọ́n lára, tàbí bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá, tàbí tó ń wá tí mi ò mọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ mi bá ń wọ́ nílẹ̀, kí n wá lọ́jọ́ náà gan-an. Kí n má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú bá mi nílé."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín.

"Kí ló kan ìtọ̀ kan ẹ̀yìn?"

"Èmi náà bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan náà ni okùn wọn gbà."

"Àwọn ọmọ òde òní. Ìwé ti pọ̀ jù lórí wọn."

Ó ká bébà náà, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó lọ gbé oúnjẹ mi wá.

Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, á dùbúlẹ̀, á ká orúnkún kan wá sí àyà, á nà án, á ká èkejì. Á gbé ìdí sókè, á ka iye kan lábẹ́ ahọ́n, á sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ń fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ wọ bàtà iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gun òkè wá lọ́jọ́ kan, ó bá a níbẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ lé e.

"Ìyàwó ti di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi!" ó ní. "Wọ́n ní ijó orí ilẹ̀ ló ń wo ẹ̀yìn sàn báyìí."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi parí eré rẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ dìde bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ká ẹní.

Ó sì ń san. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, nítorí òun ló ń dùn mí jù. Ó ń san. Iná tó ń jó ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè padà díẹ̀díẹ̀, ó kúrò ní àtàǹpàkò, ó kúrò ní ojúgun, ó wá ku díẹ̀ ní ìdí. Ó gbé àga kan tó ga lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ dípò àpótí pẹlẹbẹ tó ti ń jókòó lé láti ọdún pípẹ́. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Òkè Àrin, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, bó bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, mi ò gbọ́ ìdúró mọ́.

Nígbà náà ni òjò kan rọ̀ tó fọ́ pákó òrùlé wa. Ọjọ́ Fúráìdè ni, nírọ̀lẹ́. Omi ń kán sórí àpótí igi bàbá mi tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, àpótí ńlá tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló ń gbé e.

"Wá bá mi gbé e," mo ní.

"Ẹ jẹ́ ká pe ẹnì kan láti ìsàlẹ̀," ó ní. "Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi."

"Omi ń wọ inú rẹ̀, kí n wá dúró máa wá èèyàn kiri? Apá kan péré ni mo ní kí o gbé."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó tẹ orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó gbá etí àpótí náà mọ́ra bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Òun ṣe é bó ṣe yẹ. Èmi ni mi ò ṣe é bó ṣe yẹ. Mo tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, mo fà á, ilẹ̀ pákó ti tutù, ọwọ́ mi yọ̀. Apá tèmi já lulẹ̀, gbogbo ẹrù sì yí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò kígbe. Ó kàn jókòó sílẹ̀ nínú omi, ó di ìbàdí rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ funfun bí eérú.

Ìwé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kà ló wà nínú àpótí náà.

Ní Sátidé, kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀. Ó ní tó bá di Mọ́ńdè, òun á padà lọ bá obìnrin ọsíbítù yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ló dé tí a fi máa dúró di Mọ́ńdè, nígbà tí ọkùnrin kan wà nítòsí wa tó ń to eegun, tó ti to eegun gbogbo àdúgbò. Ó ní àwọn dókítà, ọ̀bẹ ni wọ́n máa ń fi parí ọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì fi ọ̀bẹ kan ẹ̀yìn rẹ̀ kì í rìn mọ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti sú mi pé kí n máa gbọ́ ìrora nínú ilé. Ohun tó le láti sọ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo fẹ́ ohun tó máa tètè parí.

"Mi ò fẹ́," ni ìyàwó mi wí.

"Bí o bá ka ọ̀rọ̀ mi sí, o máa jẹ́ kó fọwọ́ kàn ọ́."

Ó yíjú sí ògiri.

Ọkùnrin náà dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí mo ti Mísà dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó lẹ́kọ̀ọ́, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó da ìyàwó mi dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó fi òróró pa á ní ẹ̀yìn, ó fi àtàǹpàkò tọ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Mo ti rí i," ó ní. "Eegun kan ti yẹ̀ kúrò ní ipò. Bàbá, ẹ bá mi di ọwọ́ wọn mú."

Mo kúnlẹ̀ síwájú orí rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ọkùnrin náà gun orí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, ó rọra gbé èkejì lé e, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ ìbàdí rẹ̀ lójijì. Mo gbọ́ ọ tó dún. Igbe tí ìyàwó mi ké, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tó bímọ pàápàá. Ó ń fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, mo sì tún dì í mú dáadáa.

"Ó ti wọlé," ọkùnrin náà ní, ó ń nu òógùn. "Ẹ gbọ́ bó ṣe dún? Ó ti wọlé."

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ibi tí mo fi ń jókòó ti kú."

"Báwo ló ṣe kú?"

"Mo fọwọ́ kàn án, bí ẹni pé ara ẹlòmíì ni mo fọwọ́ kàn. Láti ọ̀sán ni mo sì ti fẹ́ tọ̀, kò wá. Ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín. Ẹ jẹ́ ká lọ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ní iṣan ló ń tú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí bí eegun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù, òun náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Èèyàn méjì sọ ohun kan náà, mo sì gba ẹ̀rí wọn, mo da ẹ̀rí ẹni tó ni ara nù.

"Ká wò ó di àárọ̀," mo ní.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò tíì tọ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ le bí bọ́ọ̀lù. Mo ní kó dìde, ó dìde, ó di ògiri mú, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ já wálẹ̀ ó ń lu ilẹ̀ pákó, pá, pá, bí bàtà tí kò ní okùn. Mo rí i. Mi ò lè sọ pé mi ò rí i. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ẹjọ́ ńlá kan máa wáyé láàárọ̀ ọjọ́ náà, fáìlì rẹ̀ sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo lè fún ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́ náà. Igbóṣeré kò jìnnà sí ilé wa, mo lè pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ mi kó wá gbà á. Mo ní kí n kàn lọ gbé fáìlì sílẹ̀, mò ń bọ̀.

"Ẹ má lọ," ó ní.

"Mò ń bọ̀ kíákíá."

Adájọ́ kò jókòó lọ́jọ́ náà. Mo dúró dè é títí di ọ̀sán kí wọ́n tó wá sọ fún wa. Nígbà tí mo délé, aago ti lé ní méjì. Ìyàwó mi ti gbìyànjú láti sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta, ó sì jókòó síbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin láti òpópónà ló bá mi gbé e pẹ̀lú àga.

Ní ọsíbítù, dókítà kan fi òwú àti abẹ́rẹ́ kan ara rẹ̀ níbi púpọ̀, ó ń bi í pé ṣé ó mọ̀ ọ́n lára. Kò mọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Dókítà náà yíjú sí mi.

"Ìgbà wo ni gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀, sà?"

"Ní àárọ̀ yìí," mo ní.

Èmi tí mo ti gbọ́ ìbúra àwọn èèyàn ní iwájú adájọ́ láti ọdún gbọọrọ. Irọ́ náà jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ há mi lọ́nà ọ̀fun. Ìyàwó mi tó dojú kọ àjà yí orí rẹ̀, ó wò mí, ó sì wo dókítà.

"Àná ni, dókítà," ó ní. "Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Wọ́n ní ohun tó wà láàárín eegun ti tú jáde pátápátá, ó ti tẹ gbogbo okùn tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ara pọ̀ mọ́ra, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n kó o kúrò. Wọ́n gbé ìwé wá fún mi pé kí n fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú etí mi.

"Dókítà, ṣé ọ̀bẹ yìí kò ní sọ ọ́ di arọ?"

Ó ti rẹ dókítà náà, mo rí i lójú rẹ̀. "Bàbá, ìdúró ló ń sọ èèyàn di arọ níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, kì í ṣe ọ̀bẹ. Èyí tó kù la fẹ́ gbà là. Ì bá ṣe pé àná lẹ gbé wọn wá…" Mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọjọ́ kejì. Ìrora ẹsẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹni pa iná. Ṣùgbọ́n ohun tó ti kú kò jí tán. Obìnrin kékeré tó kọ́ ọ ní eré ìdárayá nígbà àkọ́kọ́ ló wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti tún kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń dìde. Kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn wa lọ. Nígbà tí ó ń jáde, ó bi mí lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kò sì ga:

"Sà, ṣé wọ́n sọ àwọn àmì yẹn fún yín?"

"Wọ́n sọ fún mi," mo ní.

Ó mi orí, ó kọjá lọ.

Ìyàwó mi ń rìn lónìí. Ọ̀pá kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, nǹkan kan tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe sì wà nínú bàtà òsì rẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ náà dúró kó má baà wọ́ nílẹ̀. Ìtọ̀ kò padà sípò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fà á, ní àìmọye ìgbà lóòjọ́, obìnrin tí kò jẹ́ kí ọmọ pàápàá rí òun ní ìhòòhò rí. Ó gbé ìsọ̀ Òkè Àrin fún àbúrò rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ sí mi lórí ọ̀ràn náà àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ọsíbítù.

"Ẹ̀yìn tí mo fi pọn ọmọ mẹ́ta fún yín," ó ní. "Ẹ fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ pé kó gun orí ẹ̀ dúró. Ẹ sì di ọwọ́ mi mú fún un."

Kò padà sí ilé wa. Ó ní òun kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, òótọ́ sì ni. Wọ́n tún yàrá kan ṣe fún un ní agboolé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, yàrá ìsàlẹ̀ tí ilé ìwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní kí èmi náà máa bọ̀. Òun kò ní kí n máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa pé ọ̀bẹ àwọn dókítà ló ba ìyàwó wa jẹ́. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo jókòó, mo gbọ́, mi ò dá a lóhùn, nítorí irọ́ náà bò mí láṣìírí. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá béèrè pé ẹ̀yìn ń ro ọmọ òun, wọ́n ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ, kí la rí sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ti ya ẹnu.

"Àǹtí, ẹ dákẹ́," mo ní. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ sí i rí láyé mi. "Kì í ṣe ọ̀bẹ. Èmi ni. Wọ́n sọ fún mi pé kí n gbé e lọ lọ́jọ́ náà, mi ò gbé e lọ. Mà, ẹ ṣe ohun tí dókítà bá sọ fún yín."

Ẹ̀gbọ́n mi bínú sí mi fún ọjọ́ pípẹ́. Ó ní mo fi ìdílé ṣẹ̀sín lójú àlejò. Ìdílé wo?

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn mú èmi náà. Jíjókòó lórí àga ilé ẹjọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, orí nínú fáìlì, èjìká tó ká bí ìgbín, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lo ìgbésí ayé mi. Ìrora gba ìdí ọ̀tún mi sọ̀kalẹ̀ dé orúnkún. Mi ò mu agbo. Mi ò pe ẹnikẹ́ni kó wá gun mí lẹ́yìn. Mo lọ tààrà bá obìnrin kékeré náà ní ọsíbítù. Ó mọ̀ mí, kò sì sọ pé òun mọ̀ mí. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa jókòó, pé kí n máa dìde ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n máa rìn, ó sì fún mi ní bébà náà, àwọn èèyàn kan náà ló wà nínú rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀ láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ti sàn pátápátá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bébà kan, àti ẹní. Wọ́n ní gbogbo ọlọ́gbọ́n ìlú péjọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Mo ti mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Sátidé ni mo máa ń lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ìyàwó mi á jókòó síwájú ilé lórí àga tó ní apá, àwọn obìnrin agboolé á wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bí mo bá sì dé, wọ́n á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ní kí wọ́n gbé omi fún mi. A ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, mo sọ fún un pé ẹ̀yìn ti mú èmi náà, pé mo lọ sí ọsíbítù, pé ó ti san. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Bóyá mo fẹ́ kó bú mi.

Ó gbọ́ mi tán.

"Ṣé wọ́n sọ àwọn àmì yẹn fún ẹ̀yin náà?"

"Wọ́n sọ."

"Bó bá wá dé, ta ló máa gbé yín lọ?"

Mo ronú. Àwọn ọmọ wà lọ́nà jíjìn. Ẹ̀gbọ́n mi ti darúgbó, a kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Mi ò rí orúkọ kankan fi sí ẹnu.

"Ẹ pè mí," ó ní. "Ọ̀pá mi ni mo máa fi wá. Ṣùgbọ́n màá wá lọ́jọ́ náà."

Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, kò sì fi inú rere sọ ọ́. Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì ti apá àga, ó dìde bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì wọlé lọ fa ìtọ̀ rẹ̀.